Èso dídì mímu fún ogójì àlejò: bí kò ṣe ní di òkúta, tí kò sì ní di omi

Tí ọdún bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan, ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn: "Mo lọ èso, mo gbé e sínú fúrísà, ó di òkúta. Mo gbé e síta pé kó rọ̀, ó di omi." Ẹni tó ṣe é fún wòlímà ní Gàmbàrí sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ṣe é fún ìsọmọlórúkọ ní Ọ̀fà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá ni èyí tó dì díẹ̀ tó sì ṣeé fà mu, tí sitírọ̀ọ̀ máa dúró nínú rẹ̀, tí ahọ́n á mọ̀ pé mángòrò ni, pé kì í ṣe omi aláwọ̀ ìyeyè.

Èmi náà jẹ nínú ìyà yẹn. Nígbà wòlímà ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Mo lọ wọ́tàmẹ́lọ̀n mẹ́ta, mi ò fi nǹkan kan sí i, mo rọ ọ́ kún ike ńlá kan, mo tì í sínú fúrísà mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọmọ odó la fi fọ́ ọ. Èkúfọ́ rẹ̀ kan há ọ̀bẹ bùléńdà, ó dún kà, bùléńdà ò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn àlejò ti jókòó, àwọn àfáà ti bẹ̀rẹ̀ àdúà, èmi dúró sí ilé ìdáná pẹ̀lú báàfù yìnyín pupa níwájú mi. Bùléńdà kọ́ ló jẹ̀bi. Mi ò fi ṣúgà sí i, mo sì rọ ọ́ jìn jù. Ọ̀nà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo ti ń lò látìgbà náà, kò sì tíì já mi kulẹ̀.

Kò sí ọtí nínú rẹ̀, torí ibi ìnáwó tí mo ti ń ṣe é ní Ìlọrin, ọtí kì í débẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ń fi ọtí sí tiyín, ẹ má ṣe dà á mọ́ èyí tó wà nínú fúrísà. Ọtí kì í jẹ́ kí nǹkan dì dáadáa, gbogbo rẹ̀ ló máa ṣàn. Inú ife ẹni tó fẹ́ ẹ ni kí ẹ kán an sí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti bu èso dídì sí i tán.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

Ẹ jẹ́ ká fi ogójì èèyàn ṣírò. Ife 25cl la máa ń lò, a kì í bu ú kún dé ẹnu. 20cl ló ń wọ inú rẹ̀. Lítà 8 nìyẹn. Ẹ fi lítà 2 lé e fún àwọn ọmọdé tó máa padà wá àti àwọn tó máa dé lẹ́yìn ìrun Alásárì. Lítà 10 lápapọ̀.

- mángòrò ńlá 15; nígbà tí mángòrò bá ti lọ, ìbẹ́pẹ 3 pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ 8
- ọ̀pẹ̀yìnbó 5 tó tóbi díẹ̀
- ọsàn wẹ́wẹ́ 20
- ṣúgà kílò 1
- atalẹ̀ tútù, ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì
- píọ́ wọ́tà 12
- iyọ̀ kílò 2, àti yìnyín tí wọ́n ń tà ní bulọ́ọ̀kù, kílò 6 ó kéré tán
- fúrísà, bùléńdà, asẹ́, fọ́ọ̀kì, kúlà méjì
- àwo pẹrẹsẹ tó ní ìdérí, tàbí láílọ́ọ̀nù tó nípọn tí ẹnu rẹ̀ ṣeé tẹ̀ pa

Òṣùwọ̀n wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Píọ́ wọ́tà kan jẹ́ 50cl, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Méjì jẹ́ lítà 1. Ẹ wá ike omi ńlá lítà 1.5 kan tó ti tán, ẹ fọ̀ ọ́, òun ni kí ẹ máa fi wọn gbogbo nǹkan. Ife ilé kan ò dọ́gba pẹ̀lú ife ilé kejì, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ra èso ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ lọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e sínú fúrísà ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ọjọ́ ìnáwó gan-an, kò yẹ kí ẹ ṣe ju kí ẹ pò ó kí ẹ sì bù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ 1: Imú ni kí ẹ fi ra èso

Ọ̀dọ̀ ìyá kan ní ọjà Ìpàta ni mo ti ń ra ọ̀pẹ̀yìnbó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ jù lọ ni mo nawọ́ mú. Ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, ojú ọ̀pẹ̀yìnbó máa ń parọ́. Gbé ìdí ẹ̀ símú."

Mo gbé e símú. "Àlàájà, kò rùn."

"Ó dáa. Gbọ́ òórùn èyí."

Èyí tó gbé fún mi, èèpo rẹ̀ ṣì láwọ̀ ewé lápá kan. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e dé imú, òórùn rẹ̀ ti kún ọ̀fun mi, ìdí rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀ nígbà tí mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó fa ewé àárín orí rẹ̀ kan, ewé náà já wẹ́rẹ́. Látọjọ́ náà, mi ò fi ojú ra ọ̀pẹ̀yìnbó mọ́.

Mángòrò náà bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó pọ́n yíká bákan náà, tí inú rẹ̀ le, tí ìdí igi rẹ̀ ò rùn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kábáìdì mú un pọ́n ní tipátipá. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí àṣà yìí, nítorí ó lè pa èèyàn lára. Yàtọ̀ síyẹn, èso tí kò gbó kò ní adùn tó máa yè nínú òtútù.

Ní ti àsìkò, mángòrò máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹfà, agbálùmọ̀ láti oṣù kejìlá dé oṣù kẹrin. Ọjọ́ ọdún kì í dúró lójú kan, ọdọọdún ló ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí. Iléyá 2025 bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, mángòrò ṣì wà. Ẹ wo ibi tí tiyín bọ́ sí kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa lò.

Èso kọ̀ọ̀kan sì ní ìwà tirẹ̀ nínú fúrísà. Mángòrò, ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ní ẹran lára, wọ́n máa ń dì kúnná. Wọ́tàmẹ́lọ̀n àti ọsàn, omi ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n máa ń dì gan-in. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n, kó pò wọ́n mọ́ mángòrò ní ìdajì-ìdajì, tàbí kó fi ìdajì kún omi ṣúgà tí mo máa sọ níwájú. Ọ̀pẹ̀yìnbó wà láàárín. Agbálùmọ̀ dùn níbẹ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ má fi èèpo rẹ̀ lọ̀ ọ́, oje rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ bùléńdà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ gbé gbogbo èso sílẹ̀ nínú yàrá kan, ẹ ti ilẹ̀kùn fún wákàtí kan. Tí ẹ bá padà wọlé tí òórùn rẹ̀ ò bá kí yín, kò tíì yá. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀la.

Ìgbésẹ̀ 2: Omi ṣúgà

Ibí ni iṣẹ́ wà. Omi lásán máa ń dì ní òdo ìwọ̀n Celsius, fúrísà ilé sì máa ń tutù dé nǹkan bí 18 sísàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, tí ẹ bá gbé omi èso lásán síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa dì mọ́ra wọn. Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí gbogbo omi náà dì. Yìnyín kéékèèké máa wà, omi dídùn tí kò dì máa wà láàárín wọn, ìdí nìyẹn tí ṣíbí fi ń wọ̀ ọ́. Tí ṣúgà bá kéré, òkúta. Tó bá pọ̀ jù, kò ní dì láé, a ó kàn máa ṣí fúrísà wò títí.

Ẹ da píọ́ wọ́tà méjì sínú ìkòkò, ẹ da ṣúgà kílò 1 sí i, ẹ gé atalẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i. Iná kékeré. Ẹ máa rò ó. Bí ṣúgà bá ti yòrò tán, tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó hó pẹ́, omi á fà, ìwọ̀n á sì yí padà. Ẹ bò ó, kó tutù pátápátá, lẹ́yìn náà kí ẹ sẹ́ atalẹ̀ kúrò.

Àwọn kan máa ń da ṣúgà gbígbẹ sórí èso nínú bùléńdà láti fi dín iṣẹ́ kù. Ṣúgà kì í tètè yòrò nínú ohun tútù, ìsàlẹ̀ ló ń sùn sí. Òkè á le, ìsàlẹ̀ á ṣàn, inú àwo kan náà.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi ìka méjì ra ẹ̀kán kan. Kò gbọdọ̀ ní hóró. Tí ẹ bá wọ̀n ọ́n, ó máa ju ike 1.5 lọ díẹ̀, nǹkan bí lítà 1.6. Tí kò bá tó ike kan, ó ti hó jù. Ẹ fi píọ́ wọ́tà kún un dé ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Fífọ̀ àti lílọ̀

Òtútù kì í pa kòkòrò àìsàn. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀pọ̀ gbà pé ohun tó bá ti wọ fúrísà ti mọ́. Òtútù kàn ń mú kí kòkòrò náà sùn ni, ó máa jí nínú ikùn àlejò. Fún ìdí yìí, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ èso kí ẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án, kódà èyí tí ẹ máa bó. Ẹ̀yìn wọ́tàmẹ́lọ̀n ti yí lórí ilẹ̀, ọ̀bẹ tó gba ibẹ̀ kọjá máa gbé iyanrìn àti ìdọ̀tí wọ inú. Ẹ fi kànìnkànìn fọ ọ́. Ọ̀bẹ àti pátákó tí wọ́n fi gé ẹran, ẹ má mú un súnmọ́ ibẹ̀.

Ẹ bó èso, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ yọ igi àárín ọ̀pẹ̀yìnbó tó bá le. Ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kún bùléńdà ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Omi tí ẹ máa fi lọ gbogbo rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju píọ́ wọ́tà méjì, kí ẹ sì ka iye tí ẹ ti lò. Mángòrò tó lókùn nínú àti ọ̀pẹ̀yìnbó gbọ́dọ̀ gba inú asẹ́ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, okùn á máa di sitírọ̀ọ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́, ọwọ́ ni kí ẹ fi fún un, kí ẹ sì sẹ́ hóró rẹ̀. Hóró tó bá bọ́ sínú bùléńdà máa sọ odindi ìkòkò di kíkorò, kò sì sí ṣúgà tó lè wẹ̀ ẹ́.

Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún àwọn tó fẹ́ fi mílíìkì sí i. Ọ̀pẹ̀yìnbó tútù, ìbẹ́pẹ àti atalẹ̀ tútù ní ohun kan nínú tó máa ń fọ́ mílíìkì. Bí ẹ bá pò wọ́n, tí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú, ó máa ṣù bíi wàrà tó bàjẹ́, á sì korò lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé ṣé mílíìkì tó rà ni kò dáa. Mílíìkì dáa, ọ̀pẹ̀yìnbó ló ń jẹ ẹ́ láti àná. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, mángòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ bá a pò, tàbí kí ẹ se ọ̀pẹ̀yìnbó kó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún kó sì tutù kí ẹ tó lò ó. Omi tí ẹ fún lára àgbọn rínrin kì í ní ìyọnu yẹn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Mángòrò àti ọ̀pẹ̀yìnbó tí ẹ ti sẹ́, láìka omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́, yẹ kó tó lítà 5. Tí kò bá tó, ẹ má fi omi tán an. Ẹ wá èso kan kún un, tàbí kí ẹ dín gbogbo nǹkan yòókù kù bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ 4: Pípò, àti ìdánwò inú àwo kékeré

Nínú báàfù tó mọ́:

1. Èso lílọ̀, lítà 5.
2. Omi ṣúgà tó ti tutù, lítà 1 àti ìdá kan nínú mẹ́rin lítà. Ẹ tọ́jú èyí tó ṣẹ́kù, ẹ máa nílò rẹ̀.
3. Omi, lítà 1. Èyí tí ẹ ti fi lọ èso wà nínú kíkà yìí.
4. Oje ọsàn wẹ́wẹ́, ìdajì píọ́ wọ́tà kan.
5. Iyọ̀, orí ìka kan péré. Ó máa ń jẹ́ kí adùn mángòrò jáde.

Lítà 7 àtààbọ̀ ló máa jẹ́. Ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ tọ́ ọ wò. Ó yẹ kó dùn kó sì kan ju bí ẹ ṣe fẹ́ ẹ lọ díẹ̀, torí òtútù máa ń pa ahọ́n. Ohun tó ṣe déédéé lẹ́nu yín nísinsìnyí, tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa já sí lọ́la. Àwọn tó ń sọ fún mi pé "kò dùn mọ́ nígbà tó dì tán", ibí ni wọ́n ti dáwọ́ dúró kí ó tó tó.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò tí mi ò jẹ́ fò láé. Ẹ bu ṣíbí mẹ́ta sínú àwo tíì kékeré, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ gbé e sínú fúrísà fún wákàtí méjì. Ẹ gbé ìyókù sínú fíríjì ní àkókò yẹn. Nígbà tí wákàtí méjì bá pé, ẹ fi ṣíbí kan àwo kékeré náà. Bí ṣíbí bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò wọlé, ṣúgà kéré: ẹ fi omi ṣúgà tó ṣẹ́kù kún báàfù, ìwọ̀n ife kékeré kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ṣì ń ṣàn bí ẹ ṣe tẹ àwo náà, ṣúgà pọ̀: ẹ fi omi tàbí èso tí kò dùn púpọ̀ kún un. Bí ṣíbí bá ń ha á bí ẹni ń ha yìnyín tútù, tó ń ṣùpọ̀ lórí ṣíbí tí kò tètè yọ́, ẹ dúró níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó sọ pé wákàtí méjì ti pọ̀ jù láti fi dúró de àwo tíì kan. Lítà méje àtààbọ̀ tó di òkúta ní ọjọ́ ọdún máa gbà ju wákàtí méjì lọ.

Ìgbésẹ̀ 5: Dídì

Ẹ rọ ọ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, kó má jìn ju ìbú ìka méjì lọ. Èyí tó jìn, etí rẹ̀ máa dì nígbà tí àárín ṣì jẹ́ omi, yìnyín rẹ̀ á sì tóbi gàn-ùn-gàn-ùn. Bó bá ti ń dì létí, ẹ fi fọ́ọ̀kì ha etí náà wá sí àárín. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta-márùndínláàádọ́ta, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Láàárín wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ó máa dàbí iyanrìn tútù.

Ẹni tí kò bá ráyè dúró tì í, kó lo láílọ́ọ̀nù. Ẹ bu ìwọ̀n lítà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ pa, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí ara wọn bí ìwé. Ìgbà méjì péré, ẹ fi ọwọ́ pò ó láti ìta. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù. Kì í gba àyè, ó sì rọrùn láti fọ́ ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má bu ohunkóhun kún dé ẹnu. Omi máa ń wú bó bá di yìnyín, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìgò gíláàsì máa là. Àfọ́kù ìgò nínú èso, ẹ ò ní rí i kó tó dé ọ̀fun ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ẹran Iléyá. Tí ẹ bá ti padà láti yídì tí wọ́n ti dú àgbò, gbogbo èèyàn ilé ló máa fẹ́ fi ẹran kún fúrísà. Ẹran tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dú ṣì gbóná, ó máa mú inú fúrísà náà gbóná, á yọ́ èso yín, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè kán sí i. Kí ẹ tó lọ sí yídì, ẹ kó èso dídì bọ́ sínú kúlà. Ẹ fọ́ yìnyín bulọ́ọ̀kù, ẹ po iyọ̀ mọ́ ọn, iyọ̀ kílò 1 sí yìnyín kílò 3, ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ to láílọ́ọ̀nù èso lé e, ẹ fi òmíràn bò ó. Iyọ̀ ló ń mú kí yìnyín tutù ju ara rẹ̀ lọ; ó lè lọ sísàlẹ̀ òdo dé nǹkan bí 20, bíi fúrísà gan-an. Ẹnu láílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ tì pa kí omi iyọ̀ má wọ̀ ọ́. Yìnyín bulọ́ọ̀kù yẹn kò sì gbọdọ̀ wọnú ife ẹnikẹ́ni, torí ẹ ò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Ọgbọ́n iyọ̀ yìí náà la ń lò nígbà tí iná bá lọ. Fúrísà tó kún, tí a ò ṣí, máa ń di òtútù rẹ̀ mú tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24. Ẹ má máa ṣí i wò. Tí iná bá padà, tí yìnyín ṣì wà nínú èso náà, ẹ rò ó kí ẹ jẹ́ kó tún dì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí tó ń yọ ìfófòó tó ń rùn bí ohun tó ti kan, ẹ dà á nù. Ó máa dùn yín, mo mọ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ láílọ́ọ̀nù. Ó yẹ kó jìn sínú díẹ̀ kó sì dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tẹ ìrẹsì tútù.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ má tíì pò nǹkan kan títí àlejò fi jókòó. Ẹ̀ẹ̀kan, ẹni mẹ́fà sí méje ni kí ẹ máa ṣe fún.

Ẹ yọ láílọ́ọ̀nù kan síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Omi tó tutù gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sínú bùléńdà, kí èso dídì tó tẹ̀ lé e; ìdá mẹ́ta èso sí ìdá kan omi. Tí yìnyín bá kọ́kọ́ wọlé láìsí omi, ọ̀bẹ á máa yí lásán, mọ́tò á gbóná. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bó bá ti ń yí bí àkàmù tó ki, ó ti tó.

Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ ń lò, ẹ yọ fúrísà kúrò kí ẹ tó tan bùléńdà. Ìgbà tí fúrísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra ló máa ń fa iná púpọ̀ lójijì, jẹnẹrétọ̀ náà kò ní lè gbé méjèèjì, ó sì lè jó bùléńdà.

Zóbò tútù dára púpọ̀ dípò omi, ẹ kàn má fi ṣúgà púpọ̀ sí i. Tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ méjì hàn nínú ife, mángòrò dídì ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sí ìsàlẹ̀, torí ó dùn jù, ó sì wúwo. Lẹ́yìn náà kí ẹ rọra fi ẹ̀yìn ṣíbí da zóbò sórí rẹ̀. Pupa á jókòó lórí ìyeyè. Mo ti rí ìyàwó tuntun kan tó gbé ife náà dání ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ kó tó lè mu ún, ó ní òun ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ẹ ti gbé ife sínú fíríjì láti òwúrọ̀, torí ife gbígbóná máa ń yọ́ ìdajì rẹ̀ kí ó tó dé ọwọ́ àlejò. Àwọn àgbà àti àwọn àfáà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e fún, ṣùgbọ́n kí tiwọn jókòó díẹ̀ kó rọ̀, torí òtútù máa ń gún eyín àgbà. Ẹ kí wọn, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ṣúgà wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kì í fẹ́ bèèrè níwájú èèyàn. Mo máa ń tọ́jú zóbò tí kò ní ṣúgà, pẹ̀lú atalẹ̀ àti yìnyín tí mo fi píọ́ wọ́tà ṣe nílé, fún irú wọn, nínú ife tó dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn tó kù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ki sitírọ̀ọ̀ bọ àárín ife, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kó dúró. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wo ìsàlẹ̀ ife. Tí omi tó ya sọ́tọ̀ bá ju ìbú ìka kan lọ, omi tí ẹ fi pò ó ti pọ̀ jù. Ẹ dín in kù nínú èyí tó kàn.

Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú kúlà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fẹnu kàn, ẹ bu ú sínú láílọ́ọ̀nù kéékèèké, ẹ so ó, ẹ dá a padà sí fúrísà fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á máa já etí rẹ̀ fà á ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Èyí tó ti wà nínú ife, tàbí tó ti jókòó nínú oòrùn lórí tábìlì, ẹ má dá a padà.